Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Mo Wọ̀ Lọ Wá Ìyá Kúdí

Àárọ̀ ọjọ́ tí ogun ká wa mọ́lé, ẹ̀wà ni mo gbé kaná. Ìyá Kúdí ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun asùbáà tán, ó ṣì jókòó lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Lójijì ni fèrèsé wa fọ́ wọlé. Gíláàsì ti dà sínú ìkòkò ẹ̀wà kí etí mi tó gbọ́ ariwo. Ilé mì, ẹfun já láti òkè àjà, ó bo ìborùn ìyá náà.

"Ráfátù, kí nìyẹn?"

"Ó jọ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, mà."

"Pa iná ẹ̀wà yẹn. Kò ṣe é jẹ mọ́."

Ohun tí a sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ké nínú wa.

Ìlú Kharkiv ní orílẹ̀-èdè Yukiréènì ni mo ń sọ. Ẹ̀kọ́ ìpoògùn ni mo lọ kọ́ níbẹ̀. Ìyá Kúdí ní tirẹ̀, ọmọ Ìgànná ni, ó sì ń ta aṣọ àti bàtà nínú ọjà ńlá ìlú náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìsọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ bí mo ṣe ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní, "Ọmọ Ṣakí lèyí o," ló bá mú mi lọ sílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń gbé. Òun ló ń bọ́ mi. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, èmi ni mo sì ń gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀. Ìyá Kúdí ni gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lọ́jà ń pè é, nítorí Kúdí ni àkọ́bí rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé. Ohun tí èmi náà ń pè é nìyẹn. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ rí. Ta ni yóò wojú ẹni tó lè bí i lọ́mọ, tí yóò ní kí lorúkọ yín?

Ní báyìí, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nílé wa ní Ṣakí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wọlé wá ra oògùn ibà, wọn a jókòó, wọn a ní, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ rí ogun lójú?" Bọ́ǹbù ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ariwo bọ́ǹbù a máa lọ, ẹ̀rù rẹ̀ náà a máa lọ. Ìwà tí ènìyàn ń hù nígbà náà ló kó mi nírìíra, ìyẹn kò sì tíì lọ.

A kọ́kọ́ sá sí abẹ́ ilẹ̀ ilé wa pẹ̀lú àwọn aládùúgbò. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, omi ń kán láti ara ògiri. Bákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń yàgbẹ́ sí, kò sì sí ẹni tó lè gbé e jáde nígbà tí ìbọn bá ń dún. Obìnrin kan wà tó jókòó ti bákẹ́ẹ̀tì náà. Kò bo imú sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè mìíràn kò sí mọ́, tí èmi àti Ìyá Kúdí wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi bo imú. Ìyá Kúdí wò ó, ó yíjú sí mi.

"Ṣé èmi ni mò ń rùn, àbí ìgbẹ́?"

"Ẹ má dá a lóhùn, mà."

"Mo kàn ń béèrè ni."

Búrẹ́dì tán, gààrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Ìgànná la wá ń jẹ. A ń fi omi tútù rẹ ẹ́. Àwọn ọmọdé aládùúgbò wá ń wo ẹnu wa. Ìyá Kúdí bu fún wọn, ó bu fún ọmọ obìnrin tó bo imú náà pẹ̀lú. Mo bínú sí i gidigidi. Ó ní ọmọdé ni, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí gààrí tán, a gba ibùdókọ̀ ojú irin lọ. Wọ́n ní obìnrin àti ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Mo sọ fún ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ pé obìnrin ni àwa náà. Ó wò wá láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrù, ó ní, "Kì í ṣe irú yín." Ajá kan wọlé níwájú wa. Mo fi ojú ara mi rí i, wọ́n gbé e wọlé nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ mẹ́ta lọ kí a tó rọ́ wọ ẹ̀kẹrin, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ ọkọ̀ náà la sì dúró sí títí dé ìpẹ̀kun ìrìn. Omi inú ilé ìgbẹ́ ń ṣàn jáde sí wa lẹ́sẹ̀. Bàtà Ìyá Kúdí rin gbingbin, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì ti bó. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Ẹnubodè tí a fẹ́ gbà jáde ní Yukiréènì ni Ìyá Kúdí ti sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ọdún ní yídì, yìnyín sì ń já lé wa lórí. Àwọn tó di ìbọn mú ń ti àwa aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn. Ìyá Kúdí ṣubú. Ọmọ ológun kan fà á dìde, ó sì tì í gba inú géètì kọjá, bóyá àánú ló ṣe é, bóyá ó kàn fẹ́ kí ọ̀nà ṣí ni. Wọ́n ti géètì náà kí n tó dé ibẹ̀. Báàgì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wà léjìká mi.

"Ráfátù, má ti ara ẹ mọ́ wọn, wọ́n á nà ọ́," ó pariwo láti òdìkejì. "Mà á dúró dè ọ́."

Ilẹ̀ ṣú, ó mọ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí n kọjá. Wọ́n ti kó àwọn arúgbó àti aláìsàn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti gbé wọn lọ. Fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Wọ́n kó wa gba orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá, bí mo ṣe dé Jámánì nìyẹn. Ìlú kékeré kan ni wọ́n kó wa lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìlú kejì tí ọ̀rọ̀ mi kàn. Mi ò fẹ́ kí orúkọ wọn wà lẹ́nu mi. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé kan la ń sùn. Gbogbo ènìyàn dúdú tí mo bá rí ni mo ń bi léèrè Ìyá Kúdí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gánà kan ló wá sọ pé òun rí ìyá dúdú kan tó kọlà lẹ́rẹ̀kẹ́ bíi ti Ìyá Kúdí, tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn sì wá gbé e. Ó dárúkọ ìlú náà. Nígbà tí mo wò ó lórí fóònù, kò ju bí ẹni ń ti Ṣakí lọ sí Ìsẹ́yìn lọ.

Ìyá arúgbó kan wà tó máa ń wá gbé tíì fún wa, Inge ló ń jẹ́, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, a jókòó sídìí tábìlì, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìnàjò. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lọ tààrà. Mo ní láti sọ̀kalẹ̀ ní àárín ọ̀nà, kí n wọ òmíràn. Àwọn méjì mìíràn tó ń ran wa lọ́wọ́ wá dúró sẹ́yìn wa. Ọ̀kan ní kí n lọ ní Sátidé nítorí tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé dínwó. Èkejì ní rárá, kí n gba ọ̀nà òkè, ó jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n mà á rí odò àti ilé ọba àtijọ́ láti ojú fèrèsé. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo ń wo ẹnu wọn. Abẹ́rẹ́ ẹni tí mò ń wá lọ wà lórí itan mi.

Ọjọ́ kejì ni Inge mú mi lọ sí ọ́fíìsì, nítorí àwa tí a kì í ṣe ọmọ Yukiréènì gan-an kò gbọdọ̀ kúrò lágbègbè náà láìgba ìwé àṣẹ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ béèrè ẹni tí mo fẹ́ lọ rí.

"Ìyá mi ni," ni mo ní.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ìyá Kúdí kì í ṣe orúkọ. Tí mo bá sọ ọ́, wọn yóò ní kí n túmọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì gbọ́ pé mò ń pe obìnrin kan ní ìyá mi, tí mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, mà á mú orúkọ rẹ̀ wá.

Mo pe Ìgànná. Fóònù Kúdí ti kú, kò sí iná. Àbúrò ọkọ ìyá náà ló gbé tirẹ̀. Ó kí mi, ó kí gbogbo ará ilé wa, ó béèrè bóyá òtútù mú. Nígbà tí mo wá béèrè orúkọ ìyá náà, ó ní:

"Ìyàwó là ń pè é nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí Kúdí dé."

Kúdí pè mí padà nígbà tó rí ibi fi iná sí fóònù. Ó ní, "Àlímọ́tù lorúkọ Màámi, àǹtí. Ṣé ẹ ti rí wọn ni?" Mo ní mo ti fẹ́ rí wọn.

Inge pe ilé ìwòsàn tó wà ní ìlú náà lójú mi. Ó pe Àlímọ́tù, ó pè é lẹ́tà lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn kò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ọ́fíìsì ní bí kò bá ti sí níbẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ gba ìwé àṣẹ ṣe. A gbà pé ará Gánà náà ṣì í rí ni. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni a fi pe ilé ìwòsàn káàkiri, tí a ń pe Àlímọ́tù fún wọn.

Nígbà tó sú mi, mo sọ fún Inge pé mò ń lọ sí ìlú náà, ìwé àṣẹ wà o, kò sí o. Kò jiyàn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi.

Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Ó dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn awakọ̀. Ó yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìyà yìí ti pọ̀ jù. Mo wo ojú rẹ̀ tó jọ̀lọ̀, mo wo búrẹ́dì tó jẹ kù tó sọ sínú ike pàǹtí, mo sì dìde lọ dúró níbòmíràn.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ Àlímọ́tù sínú kọ̀ǹpútà, ó mi orí. Mo ní kí ó má wo kọ̀ǹpútà. Mo ní obìnrin dúdú ni, ó ga, ó kọlà báyìí báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún. Ojú nọ́ọ̀sì náà yí padà.

"Ìyá Kúdí?" ni ó wí.

Ó pè é bí òyìnbó ṣe lè pè é, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní ohun tó sọ nìyẹn nígbà tí àwọn béèrè orúkọ rẹ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti sọ nù, kò gbọ́ èdè àwọn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè, yóò fi ọwọ́ lu àyà, yóò ní Ìyá Kúdí. Àwọn sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti rà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gé e, kò san. Lọ́jọ́ tí Inge pè wọ́n, ó ṣì wà láàyè, ó ń mu ọbẹ̀.

"Níbo ni ẹ sin ín sí?"

Nọ́ọ̀sì náà fà mí jókòó. Ó ní ìjọba ìlú wá ẹbí rẹ̀ tì. Ẹni tí kò bá ní ẹbí, sísun ni wọ́n ń sun ún. Mo bì sórí ilẹ̀ tó mọ́ yẹn, mi ò sì bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n mú mi dé ibi tí wọ́n sin eérú náà sí. Koríko tútù ni, wọ́n gé e mọ́lẹ̀ dọ́gbadọ́gba, kò sí òkúta, kò sí àmì. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí fèrèsé wa ti fọ́, etí mi kò tíì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo kórìíra ìdákẹ́jẹ́ náà ju ìbọn lọ.

Nígbà tí mo padà sílé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgànná. Àwọn àgbà ilé jókòó yí mi ká. Wọ́n béèrè irú ikú tó pa á, mo sọ. Wọ́n béèrè ibi tó wà, mo ní koríko wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì mọ́, mi ò sọ ti iná. Àáfà ṣe àdúà, a ṣe àmín. Kúdí bá mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí.

"Àǹtí Ráfá, ta ló wẹ Màámi kí wọ́n tó sin wọ́n?"

Mo yíjú sí iná tó wà lábẹ́ agbada. Ó dúró dè mí títí. Nígbà tó yá, ó padà sídìí agbada, ó ń ro gààrí náà kó má baà jóná. Kò tíì bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà.