Apá Wo Ni Kí A Mú?

Ní Ìlàjẹ tó wà ní Bàrígà, lọ́dún 1956, ẹni tó bá fẹ́ kí Ezekiel ṣe nǹkan, ariwo ló máa ń pa mọ́ ọn. Ezekiel ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Bí wọ́n bá pariwo, á jókòó sílẹ̀. Bí wọ́n bá fà á, á jà. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n máa ń pariwo òwe náà mọ́ àwọn ọmọ wọn.

Leah, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ìròyìn dé pé àwọn wolé-wolé ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti bupá fún gbogbo ènìyàn nítorí olóde, ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná: wọ́n á kán oògùn sí apá, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ha á. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, Ezekiel ju àpótí wọn sínú ọ̀sà. Ikúmápàyí, àbúrò bàbá wọn, ní kí ọkùnrin mẹ́rin fi okùn dè é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi jẹun dáadáa. Leah rò pé yóò kú.

"Lọ́tẹ̀ yìí, okùn ti wà nílẹ̀," Ikúmápàyí wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà."

Láràárọ̀, Leah á jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ezekiel ni yóò kọ́kọ́ fi ha Leah lápá. Leah á wá béèrè pé, "Bọ̀dá mi, apá wo ni kí a mú?" Èyí tó bá nà ni Leah á ha, á sì fún un ní edé gbígbẹ kan. Lọ́jọ́ kìíní, edé nìkan ló nawọ́ sí. Leah dá edé padà sínú àwo, kò bínú, ó ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kẹta, Ezekiel na apá òsì.

Ikúmápàyí ní, "Àgbàlagbà lo ń fi edé tàn yẹn."

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń wá sípàdé ẹbí tí kò bá sí oúnjẹ?"

Ikúmápàyí bá tirẹ̀ lọ, nítorí òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́túnjí, wolé-wolé, mú abẹ́rẹ́ jáde. Ezekiel náà mú ẹyọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ní òun ló máa kọ́kọ́ ha. Leah kò ronú débẹ̀. Ikúmápàyí ti ń tú okùn. Ẹ̀rù ba Leah. Ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ na apá yín."

Ọdẹ́túnjí wo okùn, ó wo ọ̀sà, ó wo àpótí rẹ̀. Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ezekiel ha á, ó fún un ní edé kan, ọ̀gá sì jẹ ẹ́. Ezekiel wá na apá òsì. Wọ́n bupá fún un, ó gba edé tirẹ̀. Leah sunkún ayọ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Ó ku ta ni?" Ọdẹ́túnjí béèrè.

Okùn wà nílẹ̀, kò sí Ikúmápàyí. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti rí i, ó ti gbá àjẹ̀ mú. Ìgbà náà ló yé wọn pé nígbà tí wọ́n ń de Ezekiel lọ́jọ́sí, kò sẹ́ni tó rí i pé wọ́n bupá fún Ikúmápàyí náà. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú okùn.

Ezekiel mi orí. Ó wọ omi dé orúnkún, ó di etí ọkọ̀ náà mú, ó na ìgbálẹ̀ àti edé kan sí i.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ha mi. Apá wo ni kí a mú?"