Etí Tí Mo Fi Ń Yan Hẹ́dífóònù

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n etí mi ka tiẹ̀ dé yunifásítì. Ní Ìwó níbí, kò sí ẹni tó mọ hẹ́dífóònù yàn tó mi.

N kì í tà á láìgbé e lé orí ara mi. Orin wákà kan ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò, ìyá tó kọ ọ́ máa ń mí díẹ̀ kó tó gbé ohùn. Mo máa ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sókè pátápátá, torí òkè ibẹ̀ ni èyí tí kò dáa ti máa ń dún bí ìkòkò fífọ́. Tí mo bá gbọ́ èémí yẹn létí méjèèjì, ọjà dáa nìyẹn. Ẹni tó kàn fẹ́ gbádùn orin, mo ń fún un ní èyí tí béèsì rẹ̀ ń gbọn àyà. Ẹni tó ń ṣe orin, èyí tí kì í bo àṣìṣe ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ ni mo ń fún un. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí iyọ̀ ṣe tó. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, kó ṣáà ti dùn.

Ọkùnrin kan tó ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn akọrin ní Olúpọ̀nnà kì í ra èyí tí n kò bá tíì gbọ́. Lóṣù tó kọjá, ó wá. Mo gbé ọ̀kan lé orí, apá òsì ò fọhùn. Mo gbé òmíràn, bákan náà. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Mo pe ẹni tó kó ọjà wá láti Ìbàdàn, mo ní bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló kó tà fún mi. Ó ń bẹ̀bẹ̀, mo ń bú u lọ.

Ọkùnrin yìí mú ọ̀kan, ó fi sétí, ó gbọ́ ọ títí. Ó tẹrí ba.

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì."

Mo yí i padà. Apá tó ń kọrin dákẹ́, èyí tó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Dókítà ní ariwo tí mo ń dà sétí lójoojúmọ́ ló pa etí òsì mi, kò sí oògùn. Mo bi í bóyá wọ́n ń ta páàtì etí ní Ìbàdàn, bí ti mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo délé, mo sunkún. Dókítà ti ní kí n má fi ti ọ̀tún dán ọjà wò bẹ́ẹ̀ mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bá èkejì rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà tún wá lọ́sẹ̀ yìí. Ó bi mí èwo ló dáa. Mo na ìka sí èyí tó wọ́n jù, bí gbogbo àwọn tó ń ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣe ń ṣe. Ó wò mí, ó sanwó. Kò tilẹ̀ ná an bó ṣe máa ń ná an. Ìyẹn ló dùn mí jù.