Ohùn Ṣadé Nínú Fóònù Àtijọ́

Ẹ má wò mí bíi pé mo mutí. Ọ̀sán gangan lọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòró, nínú yàrá mi nílùú Ọ̀wọ̀, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa pàápàá.

Olórin ni mí. Òṣogbo ni mo ti wá kàwé ní pólì Ọ̀wọ̀, mi ò sì padà sílé mọ́. Èmi àti Ṣadé, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, la jọ kọ orin kan nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Fóònù la kọ́kọ́ fi gba orin náà àtàwọn orin wa yòókù sílẹ̀, ká tó ṣe àwo. Bí wọ́n ṣe ń pe "ọwọ́" nílé wọn ni Ṣadé ṣe ń kọ ọ́: "ọghọ́". Ahọ́n tèmi ò gbà á. Bí mo bá gbìyànjú ẹ̀, á fi mí rẹ́rìn-ín.

Kí n má purọ́ fún yín, mo jowú ẹ̀. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, ẹ wo àyà mi. Ohùn ẹ̀ dùn ju tèmi lọ, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀. Nígbà tá a dé sítúdíò, mo ní àwọn ará Ìbàdàn tó máa ra àwo wa ò ní lóye "ọghọ́". Mo ní kí wọ́n yọ ohùn ẹ̀ kúrò, kí n dá a kọ. Ṣadé ò bá mi jà. Kò kàn kọrin mọ́ ni, títí jàǹbá ọkọ̀ fi gbé e lọ lọ́nà Ìjàgbà.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí n tún àwo náà gbé jáde. Mo bá tan fóònù àtijọ́ yẹn, kí n wá ibi tí ohùn mi ti dùn jù. Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn mi ò sí níbẹ̀. Ṣadé nìkan ló ń kọ gbogbo ẹ̀, títí kan ibi tó dá mi lójú pé èmi ni mo kọ ọ́.

Inú bí mi. Ó ti kú, ó ṣì tún ń gba orin mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pa gbogbo orin náà rẹ́.

Ni ohùn Ṣadé bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ létí mi, kì í ṣe nínú fóònù o:

"Tún un pè."

"Ọghọ́," ni mo wí. Ó já geere.

Látìgbà yẹn, bí mo bá ń kọrin, àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ á máa nu ojú. Wọ́n ní ohùn mi ti wá dùn. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń yìn, inú sì ń bí mi. Ọ̀fun ara mi ni mò ń jowú báyìí.

Lánàá, ẹnì kan pè mí lórí fóònù, ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Ṣadé ni."

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ti yọ ohùn ẹnì kan kúrò nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ jọ ṣe, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́, nígbà tó ṣì ní ẹnu tiẹ̀ tó lè fi dá yín lóhùn.