Ẹrù Orí Jíìpù Lọ́jọ́ Tí A Kó Bàbá Kúrò ní Abà

Lẹ́yìn tí ìyá wa kú, bàbá wa ní òun ò kúrò ní abà. Nígbà tó di ọdún kejì, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé ó ní láti máa fọwọ́ ti ògiri kó tó lè dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò ló ń pọn omi fún un, àwọn náà ló sì ń gbé oúnjẹ wá. Bí mo bá pè é lórí fóònù láti Ìsẹ́yìn, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, á ní ara òun le dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń dáko nítòsí Ofiki, ló máa ń pè mí lẹ́yìn náà láti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an.

A ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tó ní kí n máa bọ̀ wá gbé òun. Ó ní òun ṣubú níbi tí òun ti ń ṣe àlùwàlá, kò sì sẹ́nì kankan nítòsí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì bi í ní ìbéèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré jù fún ìbéèrè. Ọjọ́ kejì ni mo gbéra lọ sí abà.

Jíìpù àtijọ́ kan ni mo ń wà, irú èyí tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fà pọ̀ bí ọ̀nà bá burú. Káríà irin wà lórí rẹ̀. Èèyàn máa ń rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó rò pé kò sí ohun tí kò lè rù. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ọsibítù wa, mo ti tọ́jú àwọn tí ọkọ̀ wọn dojú dé nítorí ẹrù tí wọ́n dì sórí rẹ̀. Ìwé tó bá jíìpù náà wá sọ pé òrùlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ru ju ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, ìwọ̀n káríà fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun, ó ní kéèyàn tún dín ẹrù náà kù. Mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi kí n tó dé abà.

A jọ di ẹrù náà ni. A gbé àpótí aṣọ Bàbá, ẹní rẹ̀ àti àga onígi kan sórí káríà. Fóòmù rẹ̀, tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, la ká sínú búùtù. Ẹrù orí náà fúyẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Bàbá wá ní kí n tẹ̀ lé òun lọ síbi sàréè ìyá wa lẹ́yìn ilé. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, ó di apá mi mú. Ó ṣe àdúrà, ó sì fọwọ́ ra ojú. Nígbà tí a padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ti fi tapólì bo ẹrù náà, ó ti fi okùn dì í pinpin. Mo rò pé nítorí eruku ni. Àwọn ará abà dúró yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ń kí wa pé ó dàbọ̀, àwọn obìnrin ń sunkún. Bàbá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn, a sì gbéra.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń ṣe mí bákan. Bí mo bá yà fún kòtò, á mì lọ sápá kan, á sì pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀nà. Lẹ́yìn tí a kọjá Ofiki, tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà, ọ̀kadà kan tó di èédú ga ju orí ẹni tó ń gùn ún lọ yọ sí wa láàárín ọ̀nà. Mo yà fún un. Jíìpù náà tẹ̀ sápá ọ̀tún, ó sì ń tẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n lára pé táyà apá òsì ti fẹ́ kúrò nílẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí ń mú ọkọ̀ sáré, mi ò tẹ bíréèkì, mo rọra dá orí rẹ̀ padà, títí tó fi fi gbogbo táyà rẹ̀ balẹ̀ tó sì wọ inú koríko gbígbẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ètè Bàbá ń mì, ó ń ṣe àdúrà. Ọlọ́kadà náà dúró lókèèrè, ó bojú wẹ̀yìn wò wá, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gun orí táyà, mo sì tú tapólì. Iṣu ló kún ibẹ̀, ìdì lórí ìdì, pẹ̀lú àpò gààrí àti àgbàdo. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ọlọ ìyá wa wà, òkúta ńlá tó fi ń lọ ata láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ò sì lè wò mí lójú.

Ó ní, "Wọ́n kàn ń gbé e wá ṣáá ni. Ẹni tó ti ń bá ẹ pọnmi fún bàbá ẹ gbé iṣu wá, wàá wá ní kó gbé e padà?"

"Ọlọ ńkọ́?"

Bàbá ló dáhùn láti inú ọkọ̀, ó ní òun ni òun ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀, kí wọ́n má sì sọ fún mi.

Mi ò bínú. Ẹ̀rù tó bà mí ò jẹ́ kí àyè ìbínú wà. Obìnrin kan tó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta nítòsí ti rí wa, ó gbé omi àti àpótí ìjókòó wá. A di Bàbá mú sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń wo bí a ṣe ń gbé iṣu sílẹ̀. Ó mọ ìdì tẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń tọ́ka sí wọn: èyí ni ti opó tó wà nísàlẹ̀ odò, èyí ni ti lèmọ́mù, èyí ni ti ọkùnrin tí òun bá jà nítorí ààlà oko tí wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu yà á pé ẹni yẹn náà gbé iṣu wá.

Mo ṣàlàyé fún un pé ẹrù tó wúwo lókè ló ń fa ọkọ̀ ṣubú, pé kò sí bí a ṣe lè gbé gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Pe ọ̀kadà fún mi. Jẹ́ kí n padà sílé mi, kí ẹrù yín lè fúyẹ́."

Mo jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ mi ti gbálẹ̀ yàrá rẹ̀ láti àná, pé wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí yóò máa bu omi àlùwàlá fún un. Mo ní, "Bàbá, iṣu nìkan la fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́."

Obìnrin tó gbé omi wá náà dá sí i. Ó ní àká àwọn ṣófo, kí a kó iṣu náà síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án títí a ó fi wá gbé e. Bàbá bi í léèrè ilé ọkọ rẹ̀, ó sì bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá wá ní kí a mú iṣu kọ̀ọ̀kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan fún òun. Ó ní bí wọ́n bá pe òun lórí fóònù láti abà, òun fẹ́ lè sọ láìparọ́ pé òun ti jẹ nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. A yọ fóòmù kúrò nínú búùtù, a gbé e lọ sórí káríà, nítorí pé kò wúwo. Àwọn iṣu tó mú bọ́ sínú búùtù. Ọlọ ìyá wa la gbé sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, lẹ́yìn ìjókòó mi, tí ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́. Ìyókù wọ àká. Nígbà tí a tún gbéra, ọkọ̀ náà dá mi lóhùn bó ṣe máa ń dá mi lóhùn. A kọjá Ilua, a kírun alásárì ní Òkèhò, a sì wọ Ìsẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá ti sùn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi yá ọkọ̀ akẹ́rù láti lọ kó ìyókù. Bàbá ní àfi kí òun bá a lọ. Iṣu náà pé, ṣùgbọ́n wọn ò tètè padà dé. Bàbá ọkọ obìnrin náà wà nílé, orúnkún ń dun òun náà. Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi káṣú, wọ́n ń fi àgbo tí wọ́n ti lò wéra. Ibẹ̀ ni Bàbá fi èyí tó pọ̀ nínú iṣu náà sílẹ̀ fún wọn.

Ilé wa ti mọ́ ọn lára díẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, a kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó bá ti kírun Jímọ̀ dé, á ní kí n bá òun tẹ nọ́ńbà bàbá ọkọ obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, á gbé fóònù sétí, á sì rọra jáde lọ jókòó síta, kí a má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.