Àbàjà Lójú Àbẹ̀bí

Ara Qúdrát kì í balẹ̀. Bó bá ya ojú ènìyàn kan tán, yóò dìde, yóò yọjú sí títì Bẹẹrẹ, yóò tún wọlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ bánà ló ti ń ṣiṣẹ́: àwòrán olóògbé, ti olóṣèlú, ti ọmọ tuntun. Àmọ́ kọ́míìkì, ìwé ìtàn tí àwòrán fi ń sọ̀rọ̀, ni ọkàn rẹ̀ wà.

Muhydeen bàbá rẹ̀, awakọ̀ ọlọ́nà jíjìn, ló máa ń ra kọ́míìkì àlòkù bọ̀ wá fún un. Nígbà tó wà lọ́mọdé ló ti ṣàkíyèsí pé òyìnbó ló ń fò lókè nínú gbogbo wọn. Bí ènìyàn dúdú bá wà níbẹ̀, ẹrù ló ń rù tẹ̀lé ọ̀gá, ètè rẹ̀ á wú bí ẹni tí oyin ta, kò sì ní lórúkọ. Ó ti dàgbà kó tó kà á lórí fóònù pé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń ya tiwọn láti ayé àtijọ́, nínú ìwé ìròyìn tiwọn. Lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó ya Àbẹ̀bí, ọmọbìnrin àdúgbò Bẹyẹrúnkà tó ń fò láti orí páànù kan dé òmíràn, tó ń yọ àwọn tí ilé bá wó lé lórí. Ojú Ìyá Àtọ́kẹ́, ìyá bàbá rẹ̀, ló yà fún un, pẹ̀lú àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ kọ́míìkì ní Èkó rí Àbẹ̀bí níbi tí Qúdrát gbé e sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ wọn, Ọlábọ̀wálé, pè é.

"Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ràn iṣẹ́ yín. Ilà ojú Àbẹ̀bí yẹn nìkan ni. Àwọn tó máa rà á lókè òkun lè rò pé ọgbẹ́ ni. Ẹ bá wa yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí awọ rẹ̀ pupa díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, sà."

Kò lè jókòó rò ó. Ó gun òkè Mápó, ó sọ̀ sí Ọjà'ba, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yọ ilà náà, ó dá a padà, ó tún yọ ọ́. Níkẹyìn, ó gbé àwòrán náà lọ bá Ìyá Àtọ́kẹ́, ó gbà pé ìyá yóò bá òun bínú sí àwọn ará Èkó.

Ìyá wò ó títí. "Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Yọ ilà yẹn."

"Mà?"

"Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn ẹ̀ ni? Nígbà tí mò ń tajà ní Gbági, ológbò làwọn ọmọ iléèwé ń pè mí. Ìborùn ni mo fi ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. O wá fẹ́ kí gbogbo ayé tún máa wò ó?"

Qúdrát dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Jókòó jàre, òòyì ń kọ́ mi."

"Kí lẹ ṣe fáwọn ọmọ yẹn?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo lé ọ̀kan nínú wọn kiri ọjà títí mo fi mú un. Nígbà tó bú sẹ́kún, mo ra àkàrà fún un."

Ojú ẹsẹ̀ ni Qúdrát bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí ìyá ṣe lé ọmọ náà kiri ọjà. Ìyá na ọrùn wò ó.

"Ẹsẹ̀ mi ò tín-ín-rín tó báyẹn."

Qúdrát tún un ṣe. "Ilà ńkọ́, mà?"

Ìyá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Tí wọ́n bá máa rí bí mo ṣe lé e, fi í sílẹ̀."

Qúdrát pe Ọlábọ̀wálé, ó ní òun ò ní yọ ilà náà. Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà, àmọ́ kò pè mọ́. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Qúdrát fi ń wo fóònù, tó ń bi ara rẹ̀ bóyá òmùgọ̀ lòun. Ó fi ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù tẹ ìwé náà ní dúdú àti funfun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tà.

Ẹ̀dà kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí Ìyá Àtọ́kẹ́. Bí àlejò bá dé, á ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń lé ọmọ náà kiri. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni obìnrin náà, á ní ẹnì kan tí òun mọ̀ ní Gbági ni.