Bí A Ṣe Wá Ìyókù Orin Ìyá Ọkọ Mi ní Kútọnu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Kútọnu, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba Dàhòmè. Aṣọ ni mò ń tà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ọkọ mi dé láti Èkó. Tíṣà ni, Tíṣà náà ni mo sì ń pè é. Ṣé ìyàwó á máa pe ọmọ ọkọ lórúkọ ni? Ó ní ara ìyá àwọn ò yá, orin kan ló sì ń dùn ún lọ́kàn. Orin Àgùdà ni, orin ọkọ̀ tó kó àwọn baba ńlá rẹ̀ bọ̀ láti Bùràsíìlì. Ìdajì péré ni ìyá ọkọ mi mọ̀: ìjì dé bá ọkọ̀ lójú òkun, ó tán! Láti kékeré ló ti ń wá ìyókù. Tíṣà sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ta ló mọ àdúgbò wa jù mí lọ?

Ilẹ̀ mọ́, a gbéra. A kọ́kọ́ jẹ àkàrà lẹ́bàá fàráńdà tí akọ̀wé kan ti máa ń ka ìwé ìròyìn Faransé sókè, tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó, ìyẹn Yorùbá ibẹ̀, fún àwọn tó ń jẹun. A bi í léèrè. Ó ti gbọ́ orin náà rí, kò kàn mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní ká lọ bá Ìyá Felísíà, arúgbó Àgùdà kan tó ń gbé nítòsí ọ̀sà.

A débẹ̀, a sọ pé orin la bá wá. Òórùn feṣuáda ti gba gbogbo ilé. Ẹ̀wà Àgùdà ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sè é. Yéè! Ìmàle ni Tíṣà! Kí wọ́n tó bu oúnjẹ, mo ti yára sọ pé àlejò mi ń gbààwẹ̀. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n mi?

Ọgbọ́n kọ́ o! Ìyá Felísíà ní ó dáa, ṣùgbọ́n nílé àwọn, wọn kì í kọ orin yẹn fún ẹni tí kò tíì jẹun. Kó lọ ṣínu, kó padà wá lọ́la. Ọ̀la kẹ̀? Nígbà tí ọkọ̀ á ti lọ?

Tíṣà wò mí, ó wo ìyá arúgbó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò gbààwẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni mi ò jẹ."

Ìyá Felísíà bú sẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kó ré bọ́ lórí àpótí. Ó ṣí ìkòkò kejì: ẹran màlúù! Ó ní ìmàle ni àbúrò òun, pé láyé ìyá àwọn pàápàá, ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé kaná. Ó wá kọjú sí mi: "Ìwọ ìyàwó yìí, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ irọ́?" Ojú tì mí, àmọ́ mo jẹun yó!

Tíṣà jẹun tán, ìyá arúgbó gbé orin. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fo ibì kan. Ìjì rọlẹ̀, ọkọ̀ gúnlẹ̀, àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ ń ké pe orúkọ ìyá wọn. Tíṣà ń gbè é, ó ń sunkún. Ìyá Felísíà ò jẹ́ kó dìde títí ó fi mọ̀ ọ́n kọ, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ká ní ọkọ̀ yẹn rì, ta ni ì bá bí ìyá rẹ?

Tíṣà bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pé òun ti kọ ọ́ sétí ìyá ọkọ mi. Ó ní omi bọ́ lójú ìyá àwọn, wọ́n wá ní: "Wọ́n gúnlẹ̀. A dúpẹ́."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tó o bá wọlé onílé, sọ ohun tí o kì í jẹ fún wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé ìkòkò tìrẹ kaná kó o tó dé!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Orin wo ló kù sí ìdajì nílé yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi, bóyá ẹnì kan ládùúgbò wa mọ ìyókù.