Iṣan Tí Wọn Ò Wò

Òórùn ata gbígbẹ ọjà Ose Okwodu, nílẹ̀ Ìbò tí a ń gbé, bá wa wọ yàrá sikáànù lọ́jọ́ yẹn. O mọ̀ ọ́n, kì í kúrò lára aṣọ ẹni tó ń tà á, bàbá mi sì ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Dókítà ti kọ ọ́ kedere sórí fọ́ọ̀mù: kí wọ́n wo iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dáadáa nínú rẹ̀. Mo kà á sókè fún ọkùnrin tó ń ṣe sikáànù náà. Kò wo fọ́ọ̀mù. Ikùn Bàbá tó wú ló ń wò.

"Nna anyị, our papa, how many bottle you dey drink for one day?"

Ládàánì ni bàbá mi ní mọ́ṣáláṣí wa. Ó fi Ìbò dá a lóhùn pé ọtí ò kan ẹnu òun rí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Na so all of una dey talk."

Ó da nǹkan tútù yẹn sí i níkùn, ó fi ẹ̀rọ fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń lọ aṣọ, ó ní ó tán. Mo ní iṣan ńkọ́? Ó ní apá ẹ̀rọ tó ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn ti bàjẹ́. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi pé iṣan náà dára.

Bàbá ti ń de bọ́tìnnì. "Jẹ́ ká máa lọ jàre. Bí àwọn ará mọ́ṣáláṣí bá gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ ládàánì ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ọ̀mùtí ni wọn ó pè mí."

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá."

Kò pé oṣù kan tó fi bi ẹ̀jẹ̀ sórí ẹní ìkírun. Ní ilé ìwòsàn mìíràn lọ́nà Obosi, dókítà obìnrin kan fi iṣan náà hàn mí lójú ẹ̀rọ: ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀ ń padà sẹ́yìn. Ọtí ò sí níbẹ̀. Kòkòrò àrùn ló ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n so àwọn iṣan tó bẹ́ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò lè gbé agbọ̀n ata mọ́, ohùn rẹ̀ ò sì dé òpópónà mọ́ tó bá ń pe ìrun.

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe sikáànù fún Bàbá. Àkọ́kọ́, wọ́n bú aláìsàn. Èkejì, wọ́n gbà á wọlé nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n parọ́ sínú èsì. Wọn ò fèsì. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó ti wá rẹ̀ mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ẹ̀kẹta tán ni mo máa ń dúró, torí ẹ̀kẹrin wà: ẹnì kan mọ̀ pé irọ́ ni èsì yẹn, ó sì mú bàbá rẹ̀ lọ sílé.

N ò tíì mọ ẹni tí mo fẹ́ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí.